Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Ojú Iná Lórí Pẹpẹ Ìdáná

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn sì ti lọ gbé ọ̀dọ̀ wọn fún oṣù díẹ̀ láti bá wọn tọ́jú ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná nìkan. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ojú iná, èyí tí a ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ní ilé ìdáná: ibi tí ó yẹ kí ó wà, àti bí ọ̀kan ti lè jìnnà sí èkejì tó.

Ní ọdún 2022, a wà ní ilé ọmọ wa obìnrin ní ìpínlẹ̀ Texas. Ilé ìdáná rẹ̀ tóbi, ó sì mọ́ tónítóní. Yàtọ̀ sí pẹpẹ gígùn tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, pẹpẹ mìíràn dá dúró láàárín ilé, bí erékùṣù láàárín omi. Erékùṣù gan-an ni wọ́n sì ń pè é lọ́hùn-ún. Ojú iná kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní abẹ́ etí pẹpẹ náà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ wa gbé ìkòkò iná mànàmáná ka orí pẹpẹ yìí, ó ń se ẹ̀wà, wáyà rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ lọ bá ojú iná ìsàlẹ̀. Ọmọ-ọmọ wa ọkùnrin, ẹni tí kò tí ì pé ọdún méjì, rìn wá, ó rí wáyà, ó sì fà á. Ìkòkò náà yọ̀ wá sí etí pẹpẹ. Ìyá rẹ̀ sáré nawọ́, ó gbá a mú. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n omi ẹ̀wà gbígbóná dà sí ìyá rẹ̀ lápá, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Àpá náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Inú bí wa. A bi ọkọ rẹ̀ léèrè pé oníṣẹ́ wo ni ó fi ojú iná sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Ó dá wa lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Oníṣẹ́ kò ṣẹ̀. Òfin ni ó ní kí ojú iná wà lára pẹpẹ yẹn.” Àwa tí a ti lo ọjọ́ ayé wa nídìí ìwé ìlànà, ní ọ́fíìsì àti ní ilé Ọlọ́run, kò lè gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ kí a má wádìí rẹ̀. Ohun tí a rí nì yí.

Ìwé kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ National Electrical Code. Ọdún 1897 ni a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, láti ọdún 1911 sì ni ẹgbẹ́ tí ń rí sí ìdènà iná, NFPA, ti ń bójú tó o. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe òfin, àfi bí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú kan bá gbà á. Nítorí náà ni ó fi lè jẹ́ pé àtẹ̀jáde tí ìlú kan ń lò kọ́ ni aládùúgbò rẹ̀ ń lò.

Lórí pẹpẹ tí ó kàn mọ́ ògiri, ìlànà rẹ̀ kò ṣòro. Ibikíbi tí pẹpẹ bá ti fẹ̀ tó íǹṣì 12, ó gbọ́dọ̀ ní ojú iná tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò gbọdọ̀ sí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà tí yóò jìnnà sí ojú iná ju íǹṣì 24 lọ, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bí ẹ bá rò ó dáradára, ẹ ó rí i pé àlàfo láàárín ojú iná méjì lè tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, nítorí ẹni tí ó bá dúró ní agbedeméjì wọn yóò wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a mú pẹpẹ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fi ojú iná kìíní sí ẹsẹ̀ bàtà méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí a sì fi èkejì sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, méjì náà tó. Ṣùgbọ́n bí síǹkì tàbí sítóòfù bá gé pẹpẹ sí méjì, tí ààyè tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò sì tó íǹṣì 12, a ó ka apá kọ̀ọ̀kan sí pẹpẹ ọ̀tọ̀. Ojú iná kò sì gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 20 lọ sókè pẹpẹ.

Ẹnì kan lè béèrè pé, èé ṣe tí ó fi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì? Ìdí rẹ̀ ni pé wáyà ọ̀pọ̀ ohun èlò kékeré ilé ìdáná kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní kúkúrú ni, kí ó má baà rọ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Bí ojú iná bá jìnnà jù, ìyàwó ilé yóò wá wáyà àfikún, yóò nà án kọjá ẹ̀gbẹ́ síǹkì tàbí orí sítóòfù, iná tàbí omi yóò sì bá a níbẹ̀. Nítorí náà, iye íǹṣì tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ilé. Ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n ń wọ̀n.

Ìlànà méjì mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Èkíní ni pé ipa iná tí ń bọ́ àwọn ojú iná pẹpẹ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dín ní méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 20 áḿpù. Iná ilé wọn jẹ́ 120 fóòtì, nítorí náà ipa kan kò lè gbé ju 2,400 wáàtì lọ. Bí kẹ́tùrù bá gba 1,500, tí ẹ̀rọ ìyan búrẹ́dì sì gba 1,000 lórí ipa kan náà, ó ti kọjá agbára rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní GFCI, èyí tí Charles Dalziel, olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì California ní Berkeley, ṣe ní ọdún 1961. Ẹ̀rọ yìí ń wọn iná tí ń jáde lọ àti èyí tí ń padà bọ̀. Bí ó bá rí i pé ìdá 4 sí ìdá 6 nínú 1,000 ti áḿpù kan ti ṣáko lọ, bóyá sínú ara ènìyàn tí ọwọ́ rẹ̀ tutù, yóò gé iná kíákíá. Ní àtẹ̀jáde ọdún 2023, gbogbo ojú iná ilé ìdáná ni wọ́n sọ pé kí ó wà lábẹ́ ààbò rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sórí erékùṣù tí ó jó ọmọ wa. Òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ. Àwọn àtẹ̀jáde ìgbà náà sọ pé pẹpẹ àárín ilé gbọ́dọ̀ ní ojú iná, wọ́n sì gbà kí a fi í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí kò bá ti rẹlẹ̀ ju íǹṣì 12 lọ sí ojú pẹpẹ. Ire ni wọ́n rò, kí ẹnikẹ́ni má baà na wáyà láti ara ògiri wá sí àárín ilé. Ṣùgbọ́n wáyà tí ó bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ bọ́ sí ojú àti ọwọ́ ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Iná jó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nípasẹ̀ ohun tí a ṣe fún ààbò. Ní ọdún 2023, wọ́n yí ìlànà náà padà. Kò di dandan mọ́ kí ojú iná wà lára pẹpẹ àárín. Bí a bá fẹ́ ẹ, orí pẹpẹ tàbí òkè rẹ̀ ni kí ó wà, tàbí kí a rì í sínú pẹpẹ pẹ̀lú irú èyí tí a ṣe fún bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá sì fẹ́ ẹ, kí a pèsè ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbà tí a bá fẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú. Ti abẹ́ etí pẹpẹ ti kúrò nínú ohun tí ìwé gbà.

A yin àwọn tí ó ṣe èyí. Kò rọrùn fún ẹni tí ó kọ ìwé ìlànà láti jẹ́wọ́ pé ìlànà òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ọmọ ènìyàn ní jàǹbá. Òfin Ọlọ́run nìkan ni kì í yẹ̀; ti ènìyàn ní láti máa gba àtúnṣe.

Ṣùgbọ́n ilé tí a ti kọ́ kí ìlànà tó yí padà kò yí padà fúnra rẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ ní kí wọ́n wo abẹ́ etí pẹpẹ àárín ilé wọn. Bí ojú iná bá wà níbẹ̀, kí ohunkóhun tí ń gbóná má ṣe gba iná láti ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí wọ́n ti máa se nǹkan. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ilé ìdáná ṣe, kí wọ́n pe oníṣẹ́ iná tí ó ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì jẹ́ kí alábẹ̀wò ìlú wò ó. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ sì ń lọ ṣe ọmọ lọ́jọ́, kí ẹ tó tú ẹrù yín, ẹ kọ́kọ́ wo ilé ìdáná.

Bákan náà ni fún wa nílé níhìn-ín. Ìlànà Amẹ́ríkà kì í ṣe tiwa, iná tiwa sì lágbára jù tiwọn lọ, nítorí 230 fóòtì ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò yàtọ̀ níbì kan. Wáyà tí ó rọ̀ sílẹ̀ láti orí tábìlì, kí a ká a sókè lónìí.

Nínú ìwé Deuteronomi, orí 22, ẹsẹ 8, Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wà lórí ilé náà. Nígbà kan, a rò pé ẹsẹ yìí kò kàn wá, nítorí a kì í jókòó lórí òrùlé ní ilẹ̀ wa. Láti ọjọ́ Sátidé náà ni ó ti yé wa. Olúkúlùkù ilé ni ó ní òrùlé tirẹ̀, ibi tí ènìyàn ti lè ṣubú, ẹni tí ó ni ilé ni yóò sì wá a rí kí ọmọdé tó rí i.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́.