Fèrè Kì Í Wo Aago

Wọ́n tún ti gbé e dé. Gbogbo ìgbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà bá ti ń sún mọ́lé, fídíò yẹn á tún jí dìde. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí: àwọn obìnrin Iowa àti UConn, ní Cleveland, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Aaliyah Edwards ti UConn dúró dínà fún Gabbie Marshall ti Iowa, fèrè dún, ayé sì dàrú. Lọ́sẹ̀ yìí, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Houston ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bọ̀dá, ṣé irú èyí ló yẹ kí wọ́n fun fèrè sí nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 3.9?"

Ìbéèrè yẹn ló bí mi nínú. Kò bi mí bóyá fáù ni. Aago ló ń bi mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé èmi àti àwọn adájọ́ orí sófà kì í jẹun nínú àwo kan náà. Mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ lónìí: òfin, aago, àti ẹ̀rọ. Màá gbìyànjú kí n tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Òfin kọ́kọ́. Agbábọ́ọ̀lù lè fi ara rẹ̀ dínà fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹnìkejì náà lè ráyè ju bọ́ọ̀lù. Screen ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ dúró gbagidi bí òpó. Kò gbọdọ̀ ya ẹsẹ̀ ju èjìká lọ, kò sì gbọdọ̀ fi èjìká tàbí ìgúnpá lé ẹni tó ń bọ̀. Edwards sún. Mo wò ó, ó sún. UConn wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹyọ kan péré nígbà náà, 70 sí 69, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbà á fún Iowa, Caitlin Clark ju free throw kan wọlé, ó parí sí 71 sí 69. LeBron James bọ́ sórí ayélujára, ó ní òun kò fara mọ́ ọn. Kóòṣì UConn, Geno Auriemma, ní irú screen bẹ́ẹ̀ wà láti fun fèrè sí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù lọ.

Ó dáa, bàbá. Ta ni ẹ̀rí yín yìí wá gbè? Bí gbogbo wọn bá jẹ́ fáù, èyí tó kẹ́yìn náà jẹ́ fáù. Paige Bueckers, ọmọ tí wọ́n gba eré náà mọ́ lọ́wọ́, ló sọ pé kì í ṣe ibi kan ṣoṣo ni àwọn ti pàdánù. Ọmọ yẹn gbọ́n ju àwọn àgbà tó ń jà fún un lọ.

Aago wá. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bí eré bá ti ń parí lọ, kí rẹfirí fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ó dùn lẹ́tí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ èèyàn bá ti mọ̀ pé láti ìṣẹ́jú kejìdínlógójì lọ fèrè kò ní dún mọ́, kí ló fẹ́ dì í lọ́wọ́ kó má fa ẹni náà láṣọ? Ẹni tó fi ogójì ìṣẹ́jú kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ èèyàn láì fọwọ́ kàn án ni wọ́n ń fìyà jẹ. Mo ti wí i, màá sì tún wí i: fèrè kì í wo aago.

Ẹ rántí Virginia àti Auburn ní Minneapolis, oṣù Kẹrin 2019. Auburn ń ṣíwájú, 62 sí 60. Kyle Guy fò sókè ní igun láti ju bọ́ọ̀lù, Samir Doughty sì kọlù ú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀. Fèrè dún, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 0.6. Guy ju free throw mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, 63 sí 62, Virginia sì lọ gba ife lọ́wọ́ Texas Tech lọ́jọ́ Ajé. Àwọn kan ṣì ń ṣépè fún fèrè yẹn. Èmi ò ní bá wọn ṣẹ́ ẹ. Fèrè tí kò dún ló yẹ kí wọ́n ṣépè fún: ṣáájú ìgbà yẹn díẹ̀, bọ́ọ̀lù gbá Ty Jerome ti Virginia lẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a mọ́lẹ̀. Ọmọ girama tó ń kọ́ eré yìí mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó fun nǹkan kan.

Èmi náà ti di fèrè mú rí, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, nínú eré láàárín àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì tèmi gan-an ló gbá ẹni tó ń fò lápá. Ẹyọ kan la fi ń ṣíwájú, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo fun. Wọ́n ju méjèèjì wọlé. Kò sẹ́ni tó kí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá ẹlẹ́wà tó wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí kò mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí àgbọn, bu ẹ̀wà agọ̀nyìn fún mi láìsí ata, ó ní òun ti gbọ́ ohun tí mo ṣe fún àwọn ọmọ òun. Ẹ̀wà agọ̀nyìn láìsí ata! Mo jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá gbé fèrè náà fún mi lónìí, màá tún fun ún.

Ẹ má sì rò pé ìdákẹ́jẹ́ máa ń ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ní New Orleans, 1993, Chris Webber ti Michigan gba bọ́ọ̀lù, ó gbé ẹsẹ̀ láì gbá a mọ́lẹ̀, fèrè dákẹ́. Ọmọ náà sáré dé igun, wọ́n ká a mọ́ ibẹ̀, ó sì pe àsìkò ìsinmi tí Michigan kò ní mọ́. North Carolina borí, 77 sí 71. Ká ní fèrè ti dún síbi ẹsẹ̀ yẹn ni, àṣìṣe kékeré ni à bá máa pè é. Àánú rẹfirí ló gbé e dé ibi tí wọ́n ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Ẹ tún wo 1983, èyí tó dun àwa lára. Houston ń ṣíwájú North Carolina State nínú àṣekágbá, Hakeem Olajuwon ọmọ Èkó wa sì wà níbẹ̀. Nígbà yẹn, kò tíì sí aago tó ń lé ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú níbi ìdíje náà. Kí ni kóòṣì Jim Valvano ṣe? Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáù, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ àwọn Houston kì í balẹ̀ nídìí free throw. Wọ́n ń ṣe é, fèrè ń dún, Houston ń jù ú dànù. Ó di 52 sí 52, Lorenzo Charles gbá bọ́ọ̀lù tó kúrú mú lófuurufú, ó tì í wọlé, ó parí. Olajuwon ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, ẹ̀bùn tó korò. Amẹ́ríkà ò yéé sọ ìtàn eré náà. Kò sẹ́ni tó ní kí ló dé tí fèrè ń dún léraléra nígbà tí eré ń parí lọ.

Ẹ̀rọ tí mo ṣèlérí, àyè ò fẹ́ gbà á mọ́. Ṣókí ni màá sọ. Fídíò tí wọ́n mú kó máa rìn jẹ́jẹ́ máa ń sọ ìfarakanra di ìjà, láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì ni wọ́n ti máa ń yà á; agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Láti sáà 2025 sí 2026, kóòṣì àwọn ọkùnrin ti lè ní kí wọ́n lọ wo ẹ̀rọ lórí bọ́ọ̀lù tó jáde, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ kàn lẹ́nu apẹ̀rẹ̀, àti ẹsẹ̀ tó tẹ ìlà ìdajì òbírípo abẹ́ apẹ̀rẹ̀. Wọn ò fi kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáù ni kún un. Àwọn kan ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í kún un. Ẹ rántí ohun tí Auriemma sọ: ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù lọ. Bí wọ́n bá wá ń tìtorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ wo ẹ̀rọ, àwa tí à ń jí ní ọ̀gànjọ́ n'Ìbàdàn láti wo eré yìí, wọ́n á ti pe ìrun ọ̀sán kí wọ́n tó gbá ìlàjì àkọ́kọ́ tán.