Kí Àwọn Ọmọ Lè Sọ Pé Àwọn Rí Erin

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí." Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tí a kó àwọn ọmọ lọ sí Yankari, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, fìrí náà gan-an la rí. Àwa òbí ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń pariwo "Erin dà?", àwọn ẹranko sì ti gbọ́ wa kí a tó dé. Nígbà tí a padà lọ, a ti kọ́gbọ́n.

Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbó náà fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóòró. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, koríko á ti gbẹ, omi á ti wọ́n, erin àti ẹfọ̀n á sì máa wá mu omi ní odò Gaji. Bí òjò bá ti dé, koríko á bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ jí ní kùtùkùtù. Bí oòrùn bá ti mú, ẹranko á wá ibòji lọ. Ẹ mú súwẹ́tà dání, torí ọyẹ́ kì í ṣeré láàárọ̀.

Ẹ pín iṣẹ́ fún ojú. Ọmọ kan wo ilẹ̀, ọ̀kan wo orí igi, ọ̀kan wo etí omi. Ẹni tó bá rí nǹkan kò gbọdọ̀ kígbe. Kó nawọ́ sí i. Àbíkẹ́yìn wa, tó ń wo ilẹ̀, ló rí ìgbẹ́ erin tó ṣì tutù. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo wa dákẹ́. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ẹ̀ka igi tó ń ṣẹ́, tí wọ́n sì jáde: ìyá erin kan àti ọmọ rẹ̀.

Ẹ gbọ́rọ̀ sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu. Bí erin bá na etí, tó gbé ọwọ́jà sókè, ìkìlọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìgbàṣẹ.

Ẹ má fún ìnàkí ní oúnjẹ. Ní Wikki, níbi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn ìnàkí ló máa wá yín wá. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tọ́jú oúnjẹ. Èyí tí ẹ bá fún ní búrẹ́dì lónìí á já a gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́la.

Ẹ má ṣèlérí kìnnìún. Wọn ò pọ̀ mọ́. Àwọn tó ń pa ẹran láìgbàṣẹ ti ba nǹkan jẹ́. Bí àwọn ọmọ bá béèrè ìdí, ẹ sọ òótọ́ fún wọn.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ wádìí bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ má sì rìn lóru.

Yankari ni agbo erin tó pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà kù sí. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí wọn kò ní gbà kí wọ́n tán pátápátá. Ó ti rí erin, ó sì lè sọ pé òun rí erin.