Ọ̀rọ̀ Ìsanrajù Ọmọdé: Ẹ Má Bá Ọmọ Wí, Ilé Ni Kí A Tún Ṣe

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀yin òbí tí a jọ ń gbé ní Marietta àti ní gbogbo agbègbè Atlanta, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti yẹ kí a jókòó sọ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n tí a máa ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sanra ju bí ọjọ́ orí àti gíga wọn ti gbà lọ. Ohun tí mo ní í sọ kò gùn: kì í ṣe ọmọ ni ó jẹ̀bi. Ilé wa àti òde àríyá wa ni ó yẹ kí a tún ṣe, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo kò sì lè tún un ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àjọ CDC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Atlanta níbí, ṣe ìṣirò láàárín ọdún 2017 sí 2020 pé nínú ọmọ 5 ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 tí ó ní àìsàn ìsanrajù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní 1990, nínú 100 ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 19, 8 ni ó wúwo ju bó ti yẹ lọ. Ní 2022, wọ́n ti di 20. Irú àtọ̀gbẹ tí a mọ̀ mọ́ àgbàlagbà tẹ́lẹ̀ ti ń mú àwọn ọmọ tí kò tíì jáde ilé-ìwé gíríámà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ẹ̀dọ̀.

Kò yani lẹ́nu pé ó ṣòro fún wa láti rí i bí ewu. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ní ilé, ìyá ọmọ tí ó bá sanra ni a ń kí pé ó kú ìtọ́jú. Ìran tí ó rí ebi ogun 1967 sí 1970, tí ó rí àwòrán àwọn ọmọ tí egungun wọn yọ síta, kò lè ṣe kí ó má ka ẹ̀kẹ́ ọmọ tí ó kún sí ìbùkún. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń ṣe. Bí ọmọ bá wà ní ọdún 3 tí ó sanra, a ó gbé e jó, a ó ní ara rẹ̀ ń dán. Bí ó bá pé ọdún 12 tí ó ṣì sanra, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọ̀rọ̀bọ̀ níwájú àlejò, a ó sì tún bu ìrẹsì kún àwo rẹ̀. Ẹnu kan náà ni ó yìn ín, òun náà ni ó ń bú u. Kí ni kí ọmọ náà ṣe?

Ìpínlẹ̀ Georgia ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Ní 2011, ilé-ìwòsàn ọmọdé ńlá tí a ń pè ní Children's Healthcare of Atlanta bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí wọ́n sọ ní Strong4Life. Wọ́n gbé pátákó ìpolówó sí ẹ̀bá títì. Àwòrán àwọn ọmọ tí ó sanra ni ó wà lára rẹ̀, láìsí ẹ̀rín lójú wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ gàdàgbà. Nínú ìpolówó kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọkùnrin kan bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi sanra; ìyá náà sì tẹrí ba, kò fèsì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé ọ̀pọ̀ òbí kò gbà pé ìṣòro kankan wà. Ariwo ta. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, gbogbo Amẹ́ríkà ti gbọ́ sí i. Àwọn kan dáwó jọ láti gbé pátákó tiwọn sókè ní Atlanta, kí wọ́n lè gbèjà àwọn ọmọ náà. Àwọn pátákó àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ti lọ. Strong4Life ṣì wà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àti ẹ̀kọ́ fún òbí ni ó gbájú mọ́ nísinsìnyí.

Ní tèmi o, òótọ́ ni ilé-ìwòsàn náà sọ nípa àwa òbí: a ń sùn. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a jí bàbá pẹ̀lú ẹgba tí a fi na ọmọ. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde tí ó sọ pé ìtìjú kì í mú ọmọ fọn. Ohun tí ó máa ń bí ni ìbànújẹ́, àjẹkì ní kọ̀rọ̀, àti yíyẹra fún eré ìdárayá. Ẹ jẹ́ kí a sì rántí pé àwa náà ní pátákó tiwa. Ẹnu wa ni. Gbogbo ìgbà tí a bá pe ọmọ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lóde àríyá, a ti gbé pátákó kan nà sí ẹ̀bá títì.

Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ẹbí tí mo ń ṣe, mo mọ̀ pé kì í ṣe wọ̀bìà ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ wa sanra. Ìyá ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bàbá ń wa ọkọ̀. Ọmọ ti ilé-ìwé dé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, nítorí a ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, bisikíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ilé, ìta gbangba ni ọmọ ń sá kiri, ojú àwọn aládùúgbò sì wà lára rẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ títì ni kò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ní Marietta pàápàá, Adìẹ Ńlá tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 56, tí wọ́n kọ́ ní 1963 sí Cobb Parkway, ni a fi ń júwe ọ̀nà. Ilé adìẹ díndín ni.

Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni kí a kọ́kọ́ bá wí. Agolo Coca-Cola kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ áúnsì 12, ní gíráàmù ṣúgà 39, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí tíì 10. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ ọmọ má ju gíráàmù 25 lọ ní ọjọ́ kan. Agolo kan ti kọjá rẹ̀, mélòó sì ni ọmọ ń mu ní òde ìsọmọlórúkọ kan? Nàìjíríà pàápàá ti rí ewu yìí: òfin ìṣúná 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀.

Ìjọba àti ilé-ìwé ń sapá díẹ̀. Òfin Georgia ti 2009 ni ó mú kí ilé-ìwé máa yẹ ara àwọn ọmọ wò lọ́dọọdún nínú ẹ̀kọ́ eré ìdárayá. Bí ìwé nípa rẹ̀ bá dé ilé yín, ẹ má fòyà. Kì í ṣe ìwé ìpè sí kóòtù, kì í sì í ṣe ẹ̀sùn pé ẹ kò tọ́jú ọmọ. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní 2019, Gómìnà Brian Kemp kò fọwọ́ sí òfin tí yóò fún àwọn ọmọ kéékèèké ní àkókò eré lójoojúmọ́ ní ilé-ìwé. Àwọn tí ó ń béèrè kò dákẹ́, ó sì di òfin ní 2022. Ẹni tí kò bá dákẹ́ ni a ń dá lóhùn.

Kí ni kí àwa náà ṣe? Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń wò ó. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo mú wá.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan fẹnu kò pé ní òde àríyá, omi tútù ni a ó kọ́kọ́ gbé síwájú ọmọdé. Kí a bu oúnjẹ wọn sí àwo kékeré, kí mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì. Oúnjẹ wa kọ́ ni ọ̀tá. Àpọ̀jù òróró àti àpọ̀jù òkèlè ní aago mẹ́wàá alẹ́ ni.

Èkejì, àwọn ìdílé tí ó wà ní àdúgbò kan náà lè pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Bí ìdílé mẹ́rin bá wà, kí òbí kan máa mójú tó gbogbo ọmọ níta ní ọjọ́ tirẹ̀. WHO ní ọmọ nílò ìṣẹ́jú 60 eré ìdárayá lójoojúmọ́. Súwè àti bojúbojú kò béèrè owó. Ní òpin ọ̀sẹ̀, òkè Kennesaw kò jìnnà sí wa. Ọ̀nà Silver Comet, tí ó bẹ̀rẹ̀ nítòsí Smyrna, tí ó sì gùn ju máìlì 60 lọ dé ààlà Alabama, kò ní mọ́tò kankan lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àwa àgbà fi ìyẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Ohun tí a bá sì fẹ́ kí ọmọ ṣe, kí gbogbo ilé jọ ṣe é. A kì í fi omi síwájú àbúrò kí a sì fi ẹlẹ́rìndòdò síwájú ẹ̀gbọ́n.

Ẹlòmíràn yóò ní èso àti ẹ̀fọ́ wọ́n. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ béèrè nípa ètò WIC ní ọ́fíìsì ìlera ìjọba ní Cobb. Ó ń ran àwọn tí owó wọn kò pọ̀ lọ́wọ́ láti ra èso àti ẹ̀fọ́. PeachCare for Kids sì wà fún ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ó bá tọ́ sí. Ẹlòmíràn yóò ní egungun ńlá ni ti ìran tàwọn. Ó ṣeé ṣe. Dókítà tí ó mọ ọjọ́ orí àti gíga ọmọ ni yóò sọ. Ẹ má fi ebi pa ọmọ, ẹ má ra oògùn ìfọnra fún un. Ọmọ ń dàgbà. Nígbà púpọ̀, ohun tí a ń wá ni pé kí gíga rẹ̀ lé ìwọ̀n rẹ̀ bá.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí ara ọmọ wa bá ti rí, tiwa ni, ìfẹ́ ni a ó sì fi tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tí ó ń bọ̀, kí ẹ tó dé orí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ara yín léèrè: kí ni àwọn ọmọ wa yóò mu lọ́jọ́ náà, níbo ni wọn yóò sì ti ṣeré?