Owó Kòkó Ló Kọ́ Ọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a bá ti Apẹ̀tẹ̀ dé Ring Road, ẹ jẹ́ kí a yà wo Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Liberty Stadium ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí i ní 1960. Owó kòkó àwọn bàbá wa wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní oṣù Ògọ́sọ́tì 1963, tí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ tí a kò tún ṣe, ahoro ni í dà. Ohun tí àwa ń bèèrè kò pọ̀: kí ìjọba máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ọmọ àgbẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣí i fún ọmọ olówó. Kò tọ́ kí ẹni tó gbin igi máa jókòó sínú oòrùn.