Ká tó san owó ilé tuntun, ẹ jẹ́ ká bi ilẹ̀ léèrè

 

Ìbéèrè kan ti pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń wá dífá láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ni, iṣẹ́ ni, àìsàn ni, ìrìnàjò òkè òkun ni. Ní báyìí, ilé ni. Kì í ṣe ilé tí èèyàn fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ o. Ilé tí ẹlòmíràn ti kọ́ parí ni, tó ti kùn ún lọ́dà, tó ti tẹ́ táìsì sí i, tó wá gbé pátákó síta pé òun ń tà á. "Bàbá, ṣé kí n rà á báyìí, àbí kí n dúró?" Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí rẹ̀ lónìí lè má dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú, pàápàá àwa awo fúnra wa.

Mi ò lè bú àwọn tó ń béèrè. Títí di oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 naira ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ìgbà yẹn náà ni àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá 10,000 naira ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ń sáré sọ ọ́ di búlọ́ọ̀kù kó tó yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní náà ń sáré, kó má baà pẹ́ jù. Eré àwọn méjèèjì ló pa pọ̀ tó tún ń gbé owó ilé sókè. Báńkì àpapọ̀ ní tirẹ̀ gbé èlé sókè títí tó fi dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá yá ogún mílíọ̀nù naira ní èlé 25 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé ọdún kan péré jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún, kò tíì dá kọ́bọ̀ padà nínú ojú owó. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó oṣù tíṣà kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù rẹ̀ fún àpò owó ilé ti ìjọba, èyí tó ti wà láti 1992, kó lọ béèrè ohun tó tọ́ sí i níbẹ̀ kó tó lọ yá owó ọjà. Èlé tibẹ̀ kéré sí ti báńkì gan-an.

Láyé àwọn bàbá wa, èèyàn kì í sábà ra ilé. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, àlejò tí wọ́n bá sì fún ní ilẹ̀ oko á máa san ìṣákọ́lẹ̀. Bí ọmọ agboolé bá fẹ́ kọ́lé, á bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ọ́n ní ipele-ipele, wọ́n á jẹ́ kí ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó máa sùn sínú ilé náà mọ ọwọ́ tó mọ ọ́n. Kí wọ́n tó la ìpìlẹ̀, wọ́n á ti dífá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìlú dó: wọ́n á bi Ifá bóyá ibí ni, àbí kí wọ́n tún sún síwájú. Ìbéèrè máa ń ṣáájú ilé. Lóde òní, ilé ti dúró tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ilé àtijọ́ tiẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí òjò ti pa á, aládùúgbò á sì sọ fún ọ pé ògiri ẹ̀yìn yẹn ti là lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tuntun kò tíì ní ẹlẹ́rìí.

Ọkọ àti ìyàwó kan wá sọ́dọ̀ mi lórí ilé tuntun kan lápá Mowe. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe mọ̀, ẹni tó wá dífá ló ń sọ̀rọ̀ sí owó ní jẹ́ẹ́, awo kì í gbọ́ ohun tó sọ. Ọkọ sọ̀rọ̀ sí owó, mo dá a, odù jáde, a gbé ìbò. Eegun ló mú, kì í ṣe owó ẹyọ. Ibi ni Ifá rí, kì í ṣe ire. Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, a ti san ìdajì owó ilé náà o." Mo ní, "Ọmọ mi, kí wá lẹ bi Ifá?" Ọkọ ní ohun tí òun sọ sí owó ni pé kí Ifá jẹ́ kí ilé náà jẹ́ tàwọn.

Àdúrà nìyẹn, kì í ṣe ìbéèrè. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ní ìjà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá. Iṣẹ́ tí ìbò wà fún ni kó bá wa yan ọ̀kan nínú ohun tó ju ọ̀kan lọ. Èèyàn lè bi Ifá bóyá ilé yìí ni, bóyá òmíràn ni, bóyá ilẹ̀ lásán ni kí òun rà kí òun máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bóyá kí òun ṣì máa san owó ilé tí òun háyà títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń gbé wọn kalẹ̀, Ifá kì í sì í bínú sí ìbéèrè kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti san owó ti yàn kó tó dé, ó kàn ń wá ẹni tí yóò bá a dá sí i ni.

Mo bi wọ́n léèrè ìwé. Rìsíìtì kan àti lẹ́tà kan ni wọ́n mú jáde. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ fún lọ́yà, kí lọ́yà lọ wo ìwé ilẹ̀ náà ní Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni, kò sì tíì yọ̀ǹda rẹ̀. Ó gba oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí lára owó wọn gbà, ó sì ṣì ku díẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ifá kìlọ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà ló rí nọ́ńbà fáìlì. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kó sì fi èkejì sílẹ̀. Láti ọdún 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tó bá sì ra ilé tó ní ìwé ọwọ́ gómìnà gbọ́dọ̀ tún gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí ilé náà tó jẹ́ tirẹ̀ lójú òfin. Èkó àti Ògùn ti ṣòfin lòdì sí àwọn tó ń fipá gba ilẹ̀ láti ọdún 2016, síbẹ̀ ọmọ onílẹ̀ ò tíì tán. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà etíkun láti Èkó sí Calabar bẹ̀rẹ̀ ní 2024, wọ́n wó ohun tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021 pa èèyàn tó ju 40 lọ, wọn ò sì tíì kọ́ ọ parí. Ẹ mú sọ̀fíọ̀ lọ. Ẹ mú ẹnjiníà tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á lọ. Ẹ lọ lóṣù kẹsàn-án tí òjò ń rọ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n pàtẹ ìpápánu sí yín níwájú, kí ẹ sì bi ìyá tó ń din àkàrà ní oríta ibi tí omi máa ń dé. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London tí ẹ ń wo ilé lórí fóònù, fídíò kì í gbé òórùn ògiri tó rin wá bá èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá yíjú sí àwa awo. Mo gbọ́ pé àwọn kan lára wa ń gba komíṣàn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ilé. Oníbàárà á dé, odù á jáde, ohunkóhun tí odù ìbáà wí, ire ilé ni awo á máa kì. Ẹni tó bá ṣe èyí ti di ẹ́jẹ́ǹtì tó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́. Èèwọ̀ wa wà nínú Ìká Òfún, kò sẹ́ni tí wọ́n tẹ̀ nífá tí kò mọ̀ ọ́n, ká sì máa sọ ohun tí a ò mọ̀ wà lára ohun tó kà léèwọ̀. Tí owó bá ń tọwọ́ ẹni tó ń tajà wá sápò rẹ, ọ̀rọ̀ ta lò ń sọ? Mo rọ ẹ̀yin oníbàárà pé kí ẹ bi awo yín léèrè ní gbangba bóyá ó mọ ẹni tó ni ilé náà. Awo tí kò bá lábùkù kò ní bínú.

Ọ̀rọ̀ míì kù fún àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tó ń sọ ọ́. Àwọn èsíteètì tuntun ní ìwé òfin tí oníbàárà ń bu ọwọ́ lù: ilù kò gbọ́dọ̀ dún, ẹran kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ wà níwájú géètì. Ẹ ka ìwé yẹn kí ẹ tó san owó. Níbo lẹ máa gbé Èṣù sí? Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ńkọ́? Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn wa, àmọ́ ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ bu ọwọ́ lùwé máa jà kó tó rí i gbà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè ní ojúbọ nínú ọgbà yín. Ilé tí mo bá fẹ́ fi gbogbo owó ayé mi rà, tí mi ò sì ní lè kí Òrìṣà mi láàárọ̀ níbẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tó ti rà á tán, tí wọ́n ti kó wọlé, tí wọ́n ń béèrè bí àwọn ṣe máa bọ ilẹ̀ nígbà tí táìsì ti bo gbogbo rẹ̀: ẹ má fọ́ táìsì. Ẹ wá ibi tí erùpẹ̀ ti hàn nínú ọgbà, ìbáà jẹ́ ìdí òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ wá fún awo yín, kó bi Ifá ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbà. Òmíràn nínú wọn, omi tútù àti obì ló máa béèrè.