A Kì í Pàtẹ Kẹrosíìnì Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gààrí

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí a jọ ń tajà ní Marine Beach, ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ wa la mú wá lónìí. Ẹni tó bá mọ̀wé kà, kó jọ̀wọ́ kà á sétí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ rántí bí gúrúùpù náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba Èkó ní kí a ti ọjà láti ọjọ́ 26 oṣù kẹta, àfi àwọn tó ń ta oúnjẹ àti oògùn àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù náà, ìjọba àpapọ̀ sé gbogbo Èkó mọ́lé. A kò lè ṣèpàdé mọ́, a kò sì mọ ìgbà tí a ó ṣí. Fóònù ló gbà wá. Ìkéde nìkan ló ń wọlé nígbà náà. Bí fóònù bá ti dún báyìí, kíá la ó gbé e.

Òní ńkọ́? Kí ilẹ̀ tó mọ́, àdúrà ti tó ogún. Ẹnìkan á gbé àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ẹnìkan á gbé fídíò olóṣèlú wá, ẹnìkan ń ta léèsì, ẹnìkan ń bá alájọ rẹ̀ jà. Kò sí èyí tó burú tó bá dá wà. Àmọ́ orí ẹní kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ wà.

Ní oṣù tó kọjá, ara ìyá kan nínú wa kò yá, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lóru. Ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé wọ́n ń béèrè owó, pé kí ẹgbẹ́ jọ̀wọ́ yọ owó ìrànlọ́wọ́ tó tọ́ sí ìyá òun. Ọ̀rọ̀ náà rì sábẹ́ àdúrà àti fídíò. Ó di ọjọ́ kẹta kí àwa akọ̀wé tó rí i. Wọ́n ti lọ yá owó èlé. Ọpẹ́ ni pé ìyá náà yè, àmọ́ wọ́n ṣì ń san èlé ọ̀hún lọ́wọ́.

Inú bí wa. Kí la wá ṣe? A yọ arábìnrin wa kan tó ń ta ẹja, torí pé òun ni àdúrà rẹ̀ pọ̀ jù. A kò pè é, a kò kìlọ̀ fún un, a kò bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́. A kàn tẹ fóònù, ó ti jáde. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la kéde ọjọ́ tí a ó pín ìrẹsì tí a dáwó jọ rà. Kò gbọ́. Nígbà tó fi máa dé, ìrẹsì ti tán. Owó rẹ̀ la dá padà fún un, bẹ́ẹ̀ ọjà ti gbówó lórí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ta ló jẹ̀bi? Àwa ni. Ta ló fi ibi tí à ń gbé àdúrà sí han arábìnrin yìí tó kọ̀? Ẹ wo ọjà wa. Aláta wà níbi aláta, ẹlẹ́ja wà níbi ẹlẹ́ja, aláṣọ wà lọ́tọ̀. A kì í pàtẹ kẹrosíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gààrí. Kì í ṣe pé a kórìíra kẹrosíìnì, ṣebí òun la fi ń dáná. Òórùn rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wọ gààrí. Ẹni tó bá sì pàtẹ síbi tí kò yẹ, a kì í fi igi lé e kúrò lọ́jà; ìyálọ́jà á fi ibi tó yẹ hàn án ni. Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe lórí ilẹ̀, kí ló dé tí a kò lè ṣe é nínú fóònù?

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń dà láàmú. Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀ ní 2005, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pín in bí ìsọ̀: òṣèlú lọ́tọ̀, òwò lọ́tọ̀, eré ìdárayá lọ́tọ̀, wọ́n sì fi alábòójútó síbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí èrò rẹpẹtẹ lè rí ohun tí wọ́n ń wá. Síbẹ̀ ẹ̀sùn kan kò tán lẹ́nu àwọn tó ń lò ó: wọ́n ti àwọn mọ́ta, àwọn kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn. Títò nìkan kò tó nígbà náà. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan tó dá a, òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni ká tó dá tiwa.

Àwọn kan ní kí a fi í sílẹ̀, kí oníkálukú máa sọ ohun tó wù ú. A kò fara mọ́ ọn. Ẹ rántí Ebola ní 2014. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ káàkiri pé kí èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, WHO sọ pé ìròyìn láti Nàìjíríà ní ó kéré tán èèyàn 2 ló kú nídìí omi iyọ̀ mímu. Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń fi í ránṣẹ́ sí ará ilé wọn. Ẹyin lọ̀rọ̀. WhatsApp fúnra wọn dín in kù ní 2019, pé ibi 5 péré lèèyàn lè ta àtagbà ọ̀rọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Èrò tiwa nìyí.

Èkíní, kí a pín gúrúùpù. Láti 2022, WhatsApp ti gbà wá láyè láti kó gúrúùpù mélòó kan sábẹ́ òrùlé kan. Kí ọ̀kan jẹ́ ti ìkéde, kó jẹ́ ìyálọ́jà, akápò àti akọ̀wé nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí ọ̀kan jẹ́ ti àìsàn àti ìrànlọ́wọ́. Kí ọ̀kan jẹ́ ti iye ọjà. Kí àdúrà àti ẹ̀fẹ̀ ní tiwọn. Ẹ má ní yóò jẹ dátà. Fídíò ló ń jẹ dátà. Ẹni tí kò bá lówó dátà, kó wọ ti ìkéde nìkan.

Èkejì, ọ̀rọ̀ oògùn àti ọ̀rọ̀ ìjà ìgboro, kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá láìsọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìgbà tó sọ ọ́. "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́" kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnìkan ṣoṣo má lè yọ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́, títí kan àwa akọ̀wé. Kí a pè é, kí a kìlọ̀ fún un, kí èèyàn mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí a sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tí a bá yọ, kí a ṣì máa rán ọmọ lọ jíṣẹ́ ìkéde fún un. Inú gúrúùpù la ti yọ ọ́, a kò yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹrin, Ajégúnlẹ̀ la wà: Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Haúsá, gbogbo wa la jọ ń tajà. Kí a máa fi ohùn ṣe ìkéde ní Yorùbá àti ní pìjìn, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó fún ẹni tí kò ní fóònù ńlá.

A ti dá arábìnrin wa ẹlẹ́ja padà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín, a ó sì bẹ ìyá tó ṣàìsàn náà. Ẹ wá, kí ẹ wá sọ tẹnu yín. Bí ẹ bá ní kọ́kọ́rọ́ gúrúùpù kò yẹ lọ́wọ́ wa mọ́, a ó gbé e sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.



Àwa ni, akọ̀wé yín.