Ibà Lassa: kí ló dé tó fi ń pa àwọn tó ń tọ́jú wa?

Lọ́dọọdún ni ibà Lassa ń jà ní Nàìjíríà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìpínlẹ̀ Òǹdó sì wà lára ibi tó ti ń le jù. Eku ló ń gbé e wọ ilé. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìtọ̀ aláìsàn lè kó o ran nọ́ọ̀sì àti dókítà.

Ọjọ́ ti pẹ́. Ní 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, kó o nílùú Lassa, ó sì kú ní Jos. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ kú pẹ̀lú. Ó mú nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo. Wọ́n gbé e lọ sí New York, orí kó o yọ.

Níbẹ̀rẹ̀, àrùn yìí jọ ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ẹni tó bá ń retí èsì àyẹ̀wò kó tó wọ ìbọ̀wọ́ ti pẹ́ jù. Ìdí nìyí tí ìlànà fi ní kí wọ́n máa fọwọ́, kí wọ́n sì wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ò ti yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, tí ìbọ̀wọ́ sì ti tán, ẹ̀bi ìjọba ni, kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì.

Ìwọ tó wà lókè òkun ńkọ́? Bí ibà bá mú ọ láàárín ọjọ́ 21 tí o ti Nàìjíríà dé, sọ ibi tí o ti ń bọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ìyá tàbí àǹtí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì: irú wọn ni ọ̀rọ̀ kan yẹn ń dáàbò bò.